E din oogun baba ku

Ọmọ mi,

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo gbójú gbóyà kọ̀wé sí ọ. Èmi ìyá rẹ fúnra mi ni mo mú bírò lọ́wọ́ yìí, kì í ṣe Oníbátìrì, ẹni tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà láti ìgbà tí o ti fi ilé sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣì wà ní kíláàsì kìíní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kò yẹ kó máa kọ lẹ́tà sí ẹni tó ti kàwé jáde, ó dà bí ìgbà tí ọmọ tó ń rá bá ń pe àgbà níjà eré sísá. Oṣù kẹjọ nìyí tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún mi ń kan tábìlì, tí olùkọ́ wa, tí kò ju àbúrò rẹ lọ lọ́jọ́ orí, ń fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ mi ká. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣi àmì fi sórí ọ̀rọ̀, má rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ nìyí. Inú bí mi jù lórí àkọ́kọ́, bírò dá a lu. Mo sunkún sórí ìkejì, ó wá dà bí ìwé tí òjò pa.

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tútù pa yín yẹn? Ọlọ́run tó sìn ọ́ jáde nílé yìí kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, èyí tó jẹ mọ́ ìtìjú, màá padà síbẹ̀.

Ilé wà níbi tí o fi í sí. Òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ó ti yí ibi tó ń jò sí padà, nítorí náà a ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ibi tó ń jò tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ ti bímọ. Ọmọbìnrin ni, imú rẹ ló gbé wá, a sì ń bẹ Ọlọ́run kó má gbé orí kunkun rẹ mọ́ ọn.

Mo ti pè ọ́ lórí fóònù nígbà mẹ́rìnlá. Obìnrin kan ló ń gbé e. Kì í kí ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ní kó lọ pè ọ́ wá níbi tí o bá wà, mo ní ìyá rẹ ni, mo ní ọ̀rọ̀ tó le ni. Ó tún ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo rán an níṣẹ́, ó dájú pé kò jẹ́ ẹ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ òun ni ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́, wọn kò kọ́ ọ nílé, mo sì ní ọ̀rọ̀ láti bá ìyá rẹ̀ sọ.

Ó dáa. Mo ti kí ọ, mo ti ṣàdúrà, mo ti ròyìn ilé, olùkọ́ wa ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ ní gàdàgbà, ṣùgbọ́n ìlà ìwé kò gbà á.

O mọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, ṣùgbọ́n màá tún un sọ, nítorí ó dà bíi pé omi ìlú ńlá ti fọ̀ ọ́ kúrò lórí rẹ. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, bàbá rẹ sá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn aṣọ oníbàárà ń sọ̀rọ̀ àwọn lẹ́yìn. A gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà onígíláàsì ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Ó fún wọn ní oògùn orí, hóró funfun kékeré, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, aṣọ kan kò bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn yẹn ni wọ́n ń lò tí wọ́n fi rán aṣọ ilé-ìwé rẹ, òun náà ni wọ́n ń lò tí wọ́n fi rán kóòtù tí o wọ̀ lọ wá iṣẹ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun wọ́n. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi wáyà iná kan àwọn lójú. Wọn kò lè bọ́jú, wọn kò lè jẹun, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọ́n á pariwo. Dókítà onígíláàsì fún wọn ní oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́, hóró ńlá tó ní ìlà láàárín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó sọ oògùn orí di ìlọ́po méjì, méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Mo bá a jà. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn wọ́n, kí ló kan orí? Ó ṣàlàyé títí, ojú mi ń wò ó, etí mi kò gbọ́. Ó rí i pé kò yé mi, ló bá kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní kí n má ṣe sọ ọ́ nù. N kò sọ ọ́ nù. Inú agolo bọ́tìnnì ni mo fi í sí. N kò tíì mọ̀wé kà nígbà náà, àṣé inú agolo yẹn ni ìlera bàbá rẹ ń sùn sí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ sàn. O wá mú bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ kí wọ́n lè sinmi, inú mi dùn, mo ń fi ọ́ yangàn fún ará àdúgbò. O mú wọn lọ rí dókítà ibẹ̀, ẹni tó ní bàtà dídán yẹn, ó sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò dùn wọ́n mọ́. O pè mí, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní àwa ará ilé ń gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á dárí ẹ̀rín yẹn jì mí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n padà dé, ara wọn dá. Kóòtù ìgbéyàwó rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, wọ́n gé e, wọ́n fi apá ọ̀tún sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i pé wọ́n ń rìn bí ẹni tó gbé omi lérí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi, bàbá rẹ di igi. Wọ́n á jókòó ti máṣíìnì, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kò ní lọ. Itọ́ ń kán láti ẹnu wọn sórí aṣọ oníbàárà. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún wọn, ojú wọn dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Wọ́n rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ kan, wọ́n rán ẹnu àpò rẹ̀ pa, ọmọ náà ń wá ibi tó máa ki ọwọ́ bọ̀ lójú wọn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń ki òwú sí lójú nígbà tí wọ́n bá ń wo ìgboro, tí wọ́n ń dá ẹni tó ń kọjá lóhùn, wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ki òwú náà sí i. Wọn kò bínú, ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn gún abẹ́rẹ́ náà padà sínú tìmùtìmù rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin gbọ́, ó sáré dé. Kò tíì jókòó tó fi ní ó ti tún dé nìyẹn, wèrè kì í lọ, ṣe ló máa ń lọ kí ará ilé kó padà. Ó ní kí n kó àlùmọ́gàjí kúrò nílẹ̀ kí àwa náà má baà di aṣọ tí wọ́n máa gé. Mo kó o, ọmọ mi. Mo kó àlùmọ́gàjí níwájú télọ̀. Bàbá rẹ ń wò mí, ojú wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n omi jáde lójú kan.

Mo pè ọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí o gbé fóònù nìyẹn, o ní o wà ní ìpàdé, kí n yára sọ ọ́. Mo yára sọ ọ́. O ní ó ní láti jẹ́ pé oògùn orí kò tó mọ́, kí n fi ẹyọ kan kún un. Ẹni tó kàwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi? Mo fi kún un. Ní ọjọ́ kejì, ọrùn bàbá rẹ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò padà. Omi tí mo fún wọn mu ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. Mo tún pè ọ́, obìnrin inú fóònù yín ló gbé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ wá wọlé sórí fóònù, ó dún bí aago ilé-ẹ̀kọ́ wa.

N kò gbé e lọ sọ́dọ̀ Oníbátìrì. Mo ní lónìí, èmi fúnra mi ni màá ka ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo fi ìka sábẹ́ rẹ̀, mo ń kà á ní síléébù ní síléébù bí olùkọ́ ti kọ́ wa. Ohun tí o kọ nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà, kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan: E din oogun baba ku.

Mo kà á, mo pariwo. Ohun tí mo kà ni pé ẹ dín oògùn, bàbá kú.

Mo yíjú wò wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àga, ọrùn wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí. Mo tún un kà. Mo wá rò ó pé ọmọ mi kò lè pa irọ́, ohun tó ń sọ ni pé kí n dín oògùn náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàbá á kú. Mo rò ó pé bóyá oògùn náà ti fẹ́ bàjẹ́, ṣebí a máa ń dín ẹja kó má baà rà. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá ọmọ tó ti ṣí ìwé tó pọ̀ jiyàn? Mo gbé páànù tí mo fi ń dín ẹyin kaná, mo da òróró sí i, mo kó oògùn orí tó kù sínú rẹ̀. Mo dá ìwọ̀nba iná, kó má baà jóná. Wọn kò dún ṣààà bí ẹja. Wọ́n kọ́kọ́ wú, wọ́n wá di ẹ̀kọ, wọ́n wá dúdú, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ páànù mi. Òórùn rẹ̀ mú adìẹ jáde nílé. Mo fi ṣíbí ha á, mo gbé e síwájú bàbá rẹ, mo ní ìwọ lo ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Bàbá rẹ wo inú páànù náà pẹ́. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn láti ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n fi ẹnu tó wúwo yẹn béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé oògùn ni wọ́n ní kí n dín àbí àwọn fúnra wọn. Wọn kò jẹ ẹ́.

Báyìí ni bàbá rẹ ṣe wà láìlo oògùn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, ọrùn wọn rọ̀ díẹ̀. Mo ní áà, òróró náà ṣiṣẹ́, bóyá òórùn rẹ̀ ló wò wọ́n. Mo gbé páànù, mo gbé agolo bọ́tìnnì, mo gbé ìwé tí dókítà ọ̀dọ̀ rẹ fún wọn, mo lọ bá nọ́ọ̀sì kúkúrú tó wà ní ilé ìwòsàn wa kó lè bá mi wo iye tí mo tún máa dín.

Nọ́ọ̀sì rí páànù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo gbé fóònù fún un, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ dín oògùn bàbá kù ni, Màmá, ẹ jẹ́ kó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. N kò mọ ẹni tí o bi léèrè kí o tó yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Lẹ́yìn náà ló ṣí agolo, ó mú káàdì jáde láàárín bọ́tìnnì, ó kà á, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tí bàbá rẹ jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sọ ọ́. Ó ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka. Ó ní wèrè kankan kò padà, Màmá, oògùn ló pọ̀ jù lára wọn.

Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń fọ oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, bó bá ti wọ ara, ṣe ló máa ń lé ẹ̀dọ̀ lẹ́ré, ẹ̀dọ̀ á wá máa fọ oògùn orí dànù kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà onígíláàsì fi sọ méjì di mẹ́rin, kí méjì lè ṣẹ́ kù fún orí. Bí wọ́n bá sì dá oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró, ẹ̀dọ̀ tí ẹnì kan ti ń lé kì í dẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó rọra máa rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin wá di mẹ́rin lóòótọ́ nìyẹn.

Mo ní ó ti yé mi. Àlejò wọlé, ó ń jẹ nínú abọ́ onílé, a wá ń se ìlọ́po méjì kí ebi má baà pa onílé. Àlejò ti lọ, a ṣì ń se ti ẹni méjì, a sì ń fi tipátipá rọ gbogbo rẹ̀ sí onílé lẹ́nu. Nígbà tí onílé ń pọ̀ ọ́ jáde, ìwọ ọmọ rẹ̀ ní kí n tún bu ṣíbí kan lé e. Nọ́ọ̀sì ní kò sí bí òun ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó bá mi wí nítorí páànù. Ó ní ọrùn tó rọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí bí oògùn orí bá tán lára wọn lójijì, àìsàn àtijọ́ lè padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó bá mi wá mú bàbá rẹ nílé, ó sì gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà onígíláàsì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ "Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú aláìsàn" sí, mo kọ pé ó dán mọ́rán, àfi bí wọ́n bá ń háanrun. Akọ̀wé ní kí n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé e dáadáa, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi béèrè pé kí ni mò ń dúró dè. Èmi náà kò mọ̀.

Dókítà onígíláàsì kò jágbe mọ́ mi. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Ó fún bàbá rẹ ní abẹ́rẹ́ kan fún ọrùn, ó sì ní kí wọ́n máa lo ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá padà sí méjì bó ti wà kí àlejò tó dé, kí a máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí òun lè máa wò wọ́n, kí èmi sì má fi ẹyọ kan kún un, kí n má yọ ẹyọ kan kúrò, láìjẹ́ pé òun ló sọ ọ́. Mo sọ fún un pé mo wà ní kíláàsì kìíní. Ó gba káàdì tuntun, ó kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gbogbo. Ẹni tó ń rí ọgọ́rùn-ún aláìsàn lóòjọ́ ráyè fi àmì sórí kù. Ìwọ kò ráyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ló ń bí mi nínú jù. Nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà dókítà ọ̀dọ̀ rẹ tó wà lórí ìwé. Dókítà náà kò sá. Ó ní òun béèrè bóyá bàbá ń lo oògùn mìíràn, ọmọ wọn tó mú wọn wá ló sì dáhùn. Ó ní ká wo ìlà kẹta. Mo wò ó. Mo kà á fúnra mi. "Oògùn mìíràn: Kò sí." Kò sí yìí wà lára ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí omi. Kò sí iyọ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá kà á níbi tí ọmọ mi ti sọ bàbá rẹ̀ di kò sí.

Mo bi bàbá rẹ léèrè nígbà tí ahọ́n wọn tú díẹ̀. Wọn kò fẹ́ sọ. Mo rọ̀ wọ́n, mo rọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìyá ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ bá yín wọ yàrá dókítà, ó jókòó síwájú pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí dókítà béèrè, àwọn ti la ẹnu, ìwọ sì ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn pa ẹnu dé padà, nítorí ọmọ ló mọ ibi tí ó ń lọ, kí bàbá má baà dínà fún un. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ sí ọ.

Mo ń kọ ọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú ta ni? Ẹ̀sín rẹ ni o wò, o wá rí i pé ikú bàbá rẹ yá jù ú lọ. Aṣọ tó bá ya ni à ń rán, ọmọ télọ̀, a kì í ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí àlejò má baà rí i. Àìsàn orí kò ju àìsàn ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ o sọ, o sọ ọ́ sókè, o tilẹ̀ ń fi ṣe àwàdà. Ti orí ni o gbé mì. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń fi oògùn rẹ̀ rìn ṣánṣán fún ọdún mọ́kànlá, tí kò fo ọjọ́ kan, ó lágbára ju ìyá ìyàwó rẹ àti báàgì rẹ̀ lọ? Bí obìnrin náà bá tìtorí èyí gba ọmọ rẹ̀, kó máa gbé e lọ. Kí ó gbé obìnrin inú fóònù náà dání.

Mo ti kọ ọ́ tán. Mo padà kà á, mo ń rò ó bóyá mo le jù. Ṣebí èmi náà ni mo kó káàdì sínú agolo, èmi ni mo kó àlùmọ́gàjí, èmi ni mo dín oògùn. Bó bá jẹ́ pé ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti wọ kíláàsì, ǹ bá ti ka ohun tó wà nínú káàdì náà. Mo ti kà á báyìí. Dókítà kọ ọ́ gedegbe pé: bí ẹ bá dá oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró, kí ẹ tètè wá rí mi, kí n lè dín oògùn orí kù. Mo gbé e lọ sí kíláàsì, olùkọ́ kọ kú àti kù sójú pátákó, ó ní àmì kékeré yẹn ló ya ẹni tó wà láàyè sọ́tọ̀ sí òkú. Mo béèrè àmì tó ya dín ti páànù sọ́tọ̀ sí dín ti oògùn. Ó ní àmì kan náà ni wọ́n ń lò. Ìyẹn náà bí mi nínú. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, n kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Padà lọ bá dókítà oníbàtà dídán yẹn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé irọ́ ni, kó fa ìlà sí kò sí yẹn, kó kọ orúkọ oògùn náà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá sílé, kí o bá bàbá rẹ lọ rí dókítà onígíláàsì lọ́jọ́ kan, kí o jókòó tì wọ́n, bí ó bá béèrè ìbéèrè kí o jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Fi owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa. N kò bẹ̀bẹ̀ owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ, àfi ti páànù, nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kò ha kúrò, ẹyin tí mo sì dín nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, adìẹ tó yé e fúnra rẹ̀ kò jẹ́ wò ó.

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ́ sílẹ̀ láìsúre. Orí rẹ kò ní dàrú. Bó bá rẹ̀ ọ́, wàá rí ẹni tí kò ní fi ọ́ pamọ́. Ọmọ tí ìwọ náà máa bí, kò ní dáhùn kí o tó la ẹnu.

Lẹ́tà yìí, èmi àti ìwọ nìkan ni. Bí o bá kà á tán, fi pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, má jẹ́ kí Oníbátìrì gbọ́ pé mo ti mọ̀wé kọ, yóò dùn ún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé mo sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí fún ọ, nítorí wọn kò mọ̀ pé mo rí wọn. Mo ti dá àlùmọ́gàjí padà sórí tábìlì. Láàárọ̀ yìí, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù rẹ wà lórí ẹsẹ̀ wọn, apá òsì kò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ jáde nínú tìmùtìmù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni òwú kọ̀. Lẹ́ẹ̀keje, ó wọlé. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá fa òwú náà yọ, wọ́n sì tún un ki láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ